Àwòrán ẹṣin Leonardo yìí: kí lẹ rí níbẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán fi bébà aláwọ̀ búlúù kan hàn mí lórí fóònù, ó ní Leonardo da Vinci ló ya ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹṣin kan fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, ọkùnrin kan wà lórí rẹ̀ ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ó na ọ̀pá sẹ́yìn, ẹlòmíì sì ṣubú sábẹ́ ẹṣin. Ó tán. Kò kùn ún, kò fi ọ̀dàn sí i, kò fi ojú ọ̀run sí i. Àbúrò mi ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí áńgẹ́lì. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Ṣé èmi ni ojú mi ò là sí iṣẹ́ ọnà ni, àbí orúkọ ẹni tó yà á lẹ̀ ń wárí fún? Ẹ sọ òótọ́.

* * *

Òótọ́ tẹ́ ẹ bèèrè náà rèé: àwọn tó ń wárí fún orúkọ pọ̀. Tí wọ́n bá bo orúkọ yẹn mọ́lẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń mí kanlẹ̀ á kọjá lára bébà náà láì yíjú sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí nǹkan máà sí níbẹ̀. Ẹ̀ ń wò ó bí àwòrán tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀. Wọn ò yà á fún pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ rò ó.

Iṣẹ́ ọ̀hún nìyí. Ludovico Sforza, ẹni tó ń ṣàkóso ìlú Milan ní Ítálì nígbà yẹn, fẹ́ kí wọ́n fi idẹ rọ ère bàbá rẹ̀, Francesco, lórí ẹṣin. Leonardo kúrò ní Florence lọ sí Milan ní nǹkan bí ọdún 1482, kódà nínú lẹ́tà tó fi wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Ludovico, ó ti sọ pé òun lè ṣe ẹṣin idẹ yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ gbèrò ni ẹṣin tó gbé iwájú sókè. Lórí bébà, kò sí wàhálà. Nínú idẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù idẹ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì péré, gbogbo àyà, ọrùn àti orí ẹṣin sì rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ níwájú. Bí ẹsẹ̀ ò bá ṣẹ́, odindi ère á dojú dé.

Ẹ wá padà lọ wo ọkùnrin tó ṣubú sábẹ́ ẹṣin yẹn. Ó na ọwọ́ sókè láti gba ara rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé ìgbéraga ni, pé Sforza ń tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀. Ìgbéraga wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn náà ni òpó. Tí wọ́n bá rọ ọ́ ní idẹ, òun ló máa gba ìwúwo iwájú ẹṣin sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan jókòó, ó ń wá bí nǹkan tí kò lè dúró ṣe máa dúró, ó sì fi òpó náà pamọ́ sínú ìtàn. Ohun tí èmi rí nìyẹn.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé ilé tí wọn ò tíì bò kì í ṣe ilé, kí ló dé tí a wá ń jó yí ògiri ká. Àwọn mélòó kan sì tì í lẹ́yìn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bọ̀. Àwọn tó ń fi àwòrán jẹun láàárín wa mọ̀ pé oníbàárà kì í sanwó iṣẹ́ tí kò parí. Á ní kí o jẹ́ kí ojú màmá òun máa dán, kí o fi góòlù sí ẹ̀gbà ọrùn. Mo gbà, owó oníbàárà ni.

Àmọ́ Ludovico ò ra bébà yìí. Ère ló fẹ́ rà. Leonardo ló ni bébà, òun ló ń lò ó. Nítorí náà mi ò ní í béèrè bóyá ó parí. Ohun tí mo máa béèrè ni pé: kí ló ń wá nígbà tó ń fa ìlà yìí, ṣé ìlà náà sì rí i?

Ẹ ṣe èyí fún mi lórí fóònù yín. Ẹ fi ìka bo ẹlẹ́ṣin, kí ẹ wo ẹṣin nìkan. Ó kọjú sí apá òsì, gbogbo ara rẹ̀ ń lọ síwájú. Ẹ wá bo ẹṣin, kí ẹ wo ẹlẹ́ṣin. Òun yí ara padà, ọwọ́ tó mú ọ̀pá nà lọ sẹ́yìn, sí apá ọ̀tún. Ẹ ká ìka kúrò. Ẹṣin ń fa ojú yín lọ síhìn-ín, ẹlẹ́ṣin ń fà á padà, ojú ò sì bá ẹṣin ṣubú síwájú. Ìyẹn nìkan tó mi wò fún ìrọ̀lẹ́ kan.

Ẹni tó ní "ẹ̀ ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀ sí i ni," ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn dán an wò kí ẹ tó sọ ọ́.

* * *

Arábìnrin tó béèrè pé pẹ́ńsùlù wo ni: kì í ṣe pẹ́ńsùlù rárá. Pẹ́ńsùlù tí à ń lò lónìí ò tíì dé ayé wọn. Wáyà irin ni, fàdákà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n lọ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Tí ẹ bá fà á lórí bébà lásán, kò ní í kọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun ojú bébà náà kó le, kó máa họ irin díẹ̀díẹ̀ sára. Àwọ̀ tí wọ́n bá pò mọ́ ohun tí wọ́n fi kùn ún ló ń sọ bébà di búlúù tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú.

Cennino Cennini, ayàwòrán ará Ítálì tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1400, sọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí wọ́n fi ń kun pátákó tí wọ́n máa fi fàdákà yàwòrán lé: egungun itan àti apá adìyẹ. Bó o bá ṣe bá a lábẹ́ tábìlì oúnjẹ, ó ní kí o jù ú síná títí tó fi máa funfun ju eérú lọ, kí o wá lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa. Tó bá wá kan bébà aláwọ̀, aró wà nínú ohun tó ní kí wọ́n pò mọ́ ọn.

Mo ti dán an wò nílé. Mi ò jó egungun o, kí àwọn aládùúgbò má lọ pe panápaná. Poster colour funfun ni mo fi kun páálí, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un kùn. Mo ra wáyà fàdákà ṣín-ńṣín lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, mo kì í bọ ẹnu pẹ́ńsùlù onítẹ̀. Ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, ó rí bí eérú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní í nípọn, ojú páálí ni yóò kàn ha. Ẹ fi rọ́bà pa á, kò ní í lọ. Tó bá wá pẹ́ díẹ̀, fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á máa di búráùn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ibì kan ṣú, bí abẹ́ ikùn ẹṣin, kò lè fi ipá tẹ̀ ẹ́. Á máa to ìlà wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú á fi gbà pé òkùnkùn ni. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ọwọ́ ro mí. Látìgbà náà, tí mo bá rí ẹ̀yìn ẹṣin tí Leonardo fi ìlà kan ṣoṣo yí, tí kò ṣiyèméjì nínú ohun tí rọ́bà ò lè pa, mo máa ń dìde dúró.

Òun náà fi wáyà yẹn sílẹ̀ nígbà tó yá, ó kó lọ sórí ṣọ́ọ̀kì pupa àti dúdú.

* * *

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n kan ti lọ gbé ọ̀kan nínú ti ṣọ́ọ̀kì pupa wá, ó sì ń fi wá rẹ́rìn-ín: "ẹṣin olórí méjì, ẹsẹ̀ àìmọye." Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Orí ẹṣin kan kọjú síhìn-ín, òmíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ń yọ láti ibi mélòó kan.

Àárín ọdún 1503 sí 1504 ni wọ́n sábà máa ń fi ẹṣin yẹn sí, ìgbà tí ìjọba Florence ní kó ya ogun Anghiari sára ògiri Palazzo Vecchio, ilé ìjọba ìlú náà. Àwòrán ògiri yẹn ò parí, kò sì sí mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn bébà ìgbìyànjú rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, àti àwọn ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíì yà. Èyí tí ayàwòrán Rubens fọwọ́ kàn tó wà ní Louvre, mùsíọ́ọ̀mù ńlá ìlú Paris, làwọn èèyàn mọ̀ jù.

Ibi tí ìjà wà ni ẹsẹ̀ tó pọ̀ jù yẹn. Apá kan nínú yín ní ìrìn ló ń yà, bíi sinimá, pé ó fẹ́ ká rí ẹṣin bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí YouTube sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ò gbà. Ó ń ṣà ni. Ó fi ẹsẹ̀ síbí, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún fi sọ́hùn-ún, nígbà tí kò sì fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí pípa èyí tó kọ́kọ́ yà, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ kó lè máa wò wọ́n pọ̀. Ìdí tí mo fi dá a lójú ara mi? Nínú àwọn àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn parí, ẹ wá ẹ̀dá kan tó ní orí méjì wá fún mi. Ìkejì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán pé kí wọ́n má ṣe yára parí apá àti ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá bí àwòrán ṣe máa tò, kí ọkàn rí àyè yí padà.

Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ "ṣé kò lè jẹ́ méjèèjì ni" ò ní í gbà fún mi. Ó lè jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, ó rí i pé àwọn ẹsẹ̀ tó pọ̀ yẹn fún ẹṣin ní agbára, ó sì gbádùn rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, mo lè bá yín dé. Ẹ tún wo bébà mìíràn tó bá ogun yẹn rìn, èyí tó to orí àwọn ẹṣin tínú ń bí sí, ó fi kìnnìún tó ń bú àti ọkùnrin tó ń pariwo sáàárín wọn. Imú fẹ̀, ètè ká sókè, eyín yọ. Ẹ̀ ẹ́ rí i pé ìbínú kan náà ló ń wá lójú ẹ̀dá mẹ́ta.

* * *

Ọ̀rọ̀ wá yà bàrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin Balógun ní Ojúde Ọba bèèrè ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù lọ látàárọ̀: ẹṣin tó bá gbé iwájú sókè kì í pẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀, èwo ló wá dúró de Leonardo tó fi yà á?

Kò sí èyí tó dúró. Ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ sílé ló lọ ń kọ́. Galeazzo Sanseverino, ọ̀gágun Ludovico àti àna rẹ̀, ní àwọn ẹṣin tó dára gan-an, Leonardo sì wọ inú ilé ẹṣin rẹ̀ lọ wọ̀n wọ́n. Bébà kan wà ní Windsor, ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin nìkan: ìlà já a kọjá láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹṣin Sicily ti Ọ̀gbẹ́ni Galeazzo ni. Orúnkún nípọn tó báyìí, òkè pátákò tó báyìí. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ẹṣin dé pátákò mọ ibi tó lè ká dé àti ibi tí kò lè ká kọjá. Ojú á mú ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹṣin fò sókè, ìmọ̀ egungun á wá fi ìyókù kún un.

Àwọn tó ní "ṣùgbọ́n gbogbo ayàwòrán àtijọ́ ló ya eré ẹṣin ní àyàkáyà," ọ̀rọ̀ yín ní òótọ́ nínú, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni eré sísá. Ẹ lọ wo ìdíje ẹṣin Epsom tí Géricault, ayàwòrán ará Faransé, kùn ní ọdún 1821, ó wà ní Louvre: àwọn ẹṣin na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, wọ́n na ti ẹ̀yìn sẹ́yìn, ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹṣin kankan kì í sáré báyẹn. Ọdún 1878 ni Eadweard Muybridge, ayafọ́tò kan, to kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Palo Alto, California, tí fọ́tò sì fi hàn pé ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kúrò nílẹ̀, wọ́n máa ń ká jọ sábẹ́ ikùn ni. Ojú lásán ò lè rí ìyẹn. Ẹṣin tó gbé iwájú sókè, ojú lè rí i, torí ó máa ń sinmi díẹ̀ lókè kó tó bọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn gan-an ti rí i.

* * *

Ta ló tún gbé òpó Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére wa, wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ ṣeun. Ọ̀kan wà ní Metropolitan Museum ní New York, ẹlẹ́ṣin àti obìnrin tó gbé e ró lára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́ṣin gbórín, ẹṣin rẹ̀ kéré. Ẹni tó gbé e wá ní Ọlọ́wẹ̀ ò wọn ẹṣin bíi Leonardo, ìyẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Háà! Ẹ lọ dúró níwájú ìtì igi kí ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ṣe máa gbẹ́ ẹṣin gígùn láti inú rẹ̀. Igi ni òpó, ó ga, kò fẹ̀. Bí ìtì bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹṣin máa gùn tó, ẹlẹ́ṣin ló láyè láti na ara lọ sókè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó gun ẹṣin ni wọ́n ń yẹ́ sí níbẹ̀, a kì í wá oyè sára ẹṣin. Idẹ ń da Leonardo láàmú, igi ń pàṣẹ fún Ọlọ́wẹ̀, oníkálukú wá ẹṣin tí ohun èlò rẹ̀ lè gbà. Mi ò ní í fi ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bébà.

* * *

Lórí owó. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ní oṣù keje ọdún 2001, Christie's, ilé gbàǹjo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ta àwòrán ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin kékeré kan tí Leonardo fi fàdákà yà, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 8 pọ́n-ún. Bébà náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 ní gíga, kò pé 8 ní fífẹ̀. Fóònù ọwọ́ yín tóbi jù ú lọ. Ó wà lára ohun tó ń múra sílẹ̀ fún àwòrán ìbẹ̀wò àwọn Amòye sọ́dọ̀ Jésù, èyí tí àwọn ọkùnrin ilé ìsìn kan nítòsí Florence gbé fún un ní ọdún 1481, tí òun náà kò parí. (Ẹ ti ń rí i pé kì í parí nǹkan.) Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, orí béárì kan tó yà, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 sí 7, tún gbówó jù ú lọ.

Ṣé owó yẹn ló sọ pé ó dára? Rárá o. Àwọn àwòrán Leonardo tó ṣì wà lọ́wọ́ aládàáni ò pọ̀, olówó méjì sì lè fẹ́ ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ gbàǹjo, ó parí. Ẹni tó ní "tó bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ, á jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀" ń ṣe ohun tí oníbèéèrè wa ń bẹ̀rù gan-an.

* * *

Ẹ̀ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Èyí tó rọrùn jù láti rí: ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ ju ojú sí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó fi ṣe òjìji. Láti òkè lápá òsì ni wọ́n ti ń dà wá sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ mú bírò, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìlà yára-yára láì ronú, ẹ máa rí i pé tiyín á dà sí òdìkejì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn nìkan ra nǹkan. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà lè fara balẹ̀ fa ìlà bíi ti ọ̀gá, ẹni tó fẹ́ fi tanni jẹ á sì tún fara balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò rọrùn láti sín jẹ ni ìyípadà ọkàn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà kó tó bẹ̀rẹ̀, ìlà rẹ̀ kì í wá nǹkan kiri. Nílé ìwé tí mo ti kọ́ṣẹ́, olùkọ́ kan máa ń gba máàkì lọ́wọ́ wa tó bá rí ìlà méjì níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, ó ní ìdọ̀tí ni. Bí Leonardo bá jẹ́ ọmọ kíláàsì wa, á tún ìdánwò yẹn ṣe.

* * *

Oníbèéèrè ti padà wá. Ó ní òun ti rí òpó tí wọ́n fi pamọ́ yẹn báyìí, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì lè sọ pé òun fẹ́ràn àwòrán náà. Ìyẹn ò burú. Mo mọ àwọn àwòrán tí mo lóye dáadáa tí mi ò fẹ́ kọ́ sílé mi. Ó wá béèrè pé ṣé ẹṣin náà padà dúró.

Kò dúró. Leonardo fi èyí tó gbé iwájú sókè sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1490, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun tún bẹ̀rẹ̀ ẹṣin náà lákọ̀tun. Èyí tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ló wá mú. Ó fi amọ̀ mọ ọ́, ó ga ju mítà 7 lọ, wọ́n gbé e síta fún àwọn ará Milan ní ọdún 1493 nígbà ìgbéyàwó ọmọ ilé Sforza kan pẹ̀lú Maximilian, ọba ilẹ̀ Jámánì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ludovico kó idẹ tí wọ́n ti tọ́jú fún un ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ ní Ferrara kí wọ́n fi rọ àgbá ogun. Nígbà tí àwọn Faransé gba Milan ní 1499, àwọn tafàtafà wọn fi ẹṣin amọ̀ náà ṣe ibi ìtafà. Ó bàjẹ́ pátápátá. Ẹṣin idẹ tó dúró ní pápá eré ẹṣin San Siro ní Milan láti 1999, Nina Akamu ló ṣe é láti fi rántí ti Leonardo, kì í ṣe ti Leonardo fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí àwọn tó lọ ṣeré gbé fọ́tò rẹ̀ síta pé "iṣẹ́ Leonardo rèé."

Ta ló wá yanjú ìṣòro yẹn níkẹyìn? Pietro Tacca, ará Ítálì náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ère Philip Kẹrin ọba Sípéènì tó parí ní 1640, tó wà ní Plaza de Oriente ní Madrid, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró. Ẹ wo ìrù rẹ̀ dáadáa: ìrù náà dé ilẹ̀, òun ni ẹsẹ̀ kẹta. Wọ́n ní Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹn, ló gbà á nímọ̀ràn lórí ìwúwo. Ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, ère ọba wọn, Peter Ńlá, tí Falconet ará Faransé ṣe tí wọ́n ṣí ní 1782, ejò ló wà lẹ́yìn tó bá ìrù gbé e ró. Ẹ fi ìrù Tacca àti ejò Falconet sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin abẹ́ ẹṣin Leonardo. Ìbéèrè kan náà ni. Lójú tèmi, ti Leonardo ló ní ìtàn jù, ti Tacca ló mọ́ jù. Ejò yẹn kò wọ̀ mí lójú rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi jà.

* * *

Ẹni tó ní fóònù ò tó, pé àfi kéèyàn rí bébà gan-an: mo bá yín lọ díẹ̀, mo sì dúró. Fún kíkọ́ bí ìlà ṣe ń rìn, fóònù tó, ó tún lè ju bébà lọ, torí ẹ lè fẹ̀ ẹ́ títí ẹ máa fi rí ibi tí wáyà ti họ ohun tí wọ́n fi kun bébà náà. Àwọn àwòrán Leonardo tó ju 550 lọ tó wà lọ́wọ́ ilé ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Windsor, ẹ lè wò wọ́n lórí ìkànnì Royal Collection láì san kọ́bọ̀. Bébà búlúù wa yìí ni nọ́ńbà 912358. Ohun tí fóònù ń jí gbé ni ìwọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí títóbi kan náà lójú yín, òkè ńlá àti èékánná. Lọ́dún 2019 tí wọ́n ń ṣe ìrántí 500 ọdún ikú rẹ̀, wọ́n kó àwọn bébà Windsor lọ sí ìlú méjìlá káàkiri United Kingdom lẹ́ẹ̀kan náà, Leeds, Manchester, Belfast, Cardiff àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó kó wọn jọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo lọ wo ti Lọ́ńdọ̀nù. Iná ibẹ̀ ṣókùnkùn nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń ba bébà àtijọ́ jẹ́, àwọn èèyàn ń gbé imú sún mọ́ gíláàsì, ẹṣin kan sì wà tí àtẹ́lẹwọ́ mi á bò mọ́lẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má dúró de àjọ̀dún. British Museum ní yàrá kan tí wọ́n ti ń gbé àwòrán inú àpótí jáde fún ẹni tó bá ti kọ̀wé ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí síbẹ̀ kí wọ́n lè wá a sílẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé, pẹ́ńsùlù sì ni kẹ́ ẹ mú dání, wọn ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ yọ bírò níbẹ̀.